Pọ́ǹpù Epo Ọkọ̀ Kú: Ṣé Dandan Ni Kí Wọ́n Sọ Táǹkì Kalẹ̀?

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì lè ní ọ̀rọ̀ ọkùnrin ni, pé kí ló kan ẹni tó ń ta ata. Ó kàn wá dáadáa. Púpọ̀ nínú wa ló ti fi owó àjọ ra ọkọ̀ tó ń kó ọjà láti Mile 12 wá sí ìsọ̀. Àwọn kan ń wà á fúnra wọn, ti àwọn mìíràn, ọmọ tàbí ọkọ wọn ló ń bá wọn wà á. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú lọ́nà tòun ti apẹ̀rẹ̀ tòmátì mẹ́fà lẹ́yìn, tòmátì kì í dúró de mẹkáníìkì. Wọ́n á wá sọ fún wa pé, "Màmá, pọ́ǹpù epo ló kú o. A ní láti sọ táǹkì kalẹ̀. Ọjọ́ méjì ni." Àwa náà á máa wo ẹnu wọn, a ò mọ̀ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, a ó kàn sanwó.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mọ̀ rèé: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wa, kò sí ìdí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ sọ táǹkì kalẹ̀. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti dá ojú ihò kan sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ìdérí bò ó, nítorí iṣẹ́ yìí gan-an. Camry tí wọ́n ń pè ní Big Daddy ní i, Corolla ọdún 2003 sí 2008 ní i, Honda Accord tí wọ́n ń pè ní End of Discussion náà ní i. Ẹni tó mọ sípánà mú lè parí rẹ̀ nínú àgbàlá yín láàárín wákàtí méjì.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló rí bẹ́ẹ̀ o. Peugeot 504 àti Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá, ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì ni pọ́ǹpù tiwọn wà, kò sí nínú táǹkì rárá. Àwọn ọkọ̀ píkọ́ọ̀bù, abẹ́ ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí ni táǹkì wọn máa ń wà. Tiwọn, àfi kí wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀ tàbí kí wọ́n tú ẹ̀yìn ọkọ̀ gbé sókè. Nítorí náà, ìbéèrè tí ẹ máa kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì ni pé: "Ṣé ojú ihò wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí?" Bó bá ní kò sí, kó gbé ìjókòó náà kí ẹ jọ wò ó.

A gbọ́dọ̀ sọ èyí kíkankíkan: àwọn kan wà tó jẹ́ pé, bí ọkọ̀ kò bá ní ojú ihò, wọ́n á ní kí wẹ́dà wá gé ilẹ̀ ọkọ̀ náà lókè táǹkì kí iṣẹ́ lè yá. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin ń ta iná pàràpàrà, táǹkì epo ló sì wà lábẹ́ ibẹ̀ gan-an. Ẹ má gbà fún wọn, bó ti wù kí owó rẹ̀ kéré tó.

Kí ni pọ́ǹpù yìí ń ṣe ná? Mọ́tò kékeré kan ni, kò tóbi ju tọ́ọ̀ṣì kékeré lọ, inú epo ló máa ń wà, òun ló ń fi agbára ti epo láti inú táǹkì lọ sí ẹ́ńjìnnì. Epo tó yí i ká náà ló ń tù ú lára kó má baà gbóná jù. Ibẹ̀ ni ìyà àwa olówó díẹ̀díẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan fò láti nǹkan bí ₦190 kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kì í ra epo kún táǹkì mọ́. A ń ra ti òní, a ń ra ti ọ̀la, iná pupa á máa jó níwájú wa láti àárọ̀ dalẹ́. Pọ́ǹpù tó yẹ kó rì sínú epo á wá wà ní gbangba, á máa gbóná, á sì máa fa ìdọ̀tí tó ti sùn sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ẹni tó bá lè máa jẹ́ kí epo ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ìdá kan nínú mẹ́rin, pọ́ǹpù rẹ̀ á pẹ́ ju ti ẹni tó ń fi iná pupa rìn lọ. Epo burúkú náà ń pa á. Ẹ ó rántí oṣù kejì ọdún 2022, nígbà tí wọ́n kó epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ ìlú. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ya sí ọ̀nà lọ́sẹ̀ náà.

Bó bá ń kú lọ, ọkọ̀ á máa já bí ó bá ń gun òkè tàbí tí ẹrù bá wà lẹ́yìn. Ó lè kú nígbà tí oòrùn bá mú, kó tún sítáàtì lálẹ́. Ní ìkẹyìn, ẹ́ńjìnnì á máa yí ṣùgbọ́n kò ní gbà. Àwọn awakọ̀ máa ń gbá ìdí táǹkì kí ó lè jí. Ó máa ń jí lóòótọ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ilé ni kí ẹ fi gbé ọkọ̀ lọ tààrà, kì í ṣe ọjà.

Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù o. Owó tó ń ṣòfò jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ti pọ́ǹpù tuntun tí a rà nígbà tí ti tẹ́lẹ̀ kò kú. Fíúsì tó jó tàbí rílè tó bàjẹ́ lè fa ohun kan náà, owó kékeré sì ni méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà kọ́kọ́ wo ìyẹn. Lẹ́yìn náà, kó fi iná ìdánwò rẹ̀ sí ojú wáyà tó wọ inú pọ́ǹpù nígbà tí ẹnì kan bá ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná bá dé ibẹ̀ tí pọ́ǹpù kò yí, pọ́ǹpù ti kú nìyẹn. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ wáyà ni, ẹ pa owó yín mọ́. Àwọn kan á ní àwọn fetí sílẹ̀, àwọn kò gbọ́ kó dún. Honda máa ń dún bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì bí ẹ bá kàn ṣí kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ Toyota kì í dún títí ẹ́ńjìnnì yóò fi máa yí. Etí nìkan kò tó.

Bó bá wá dájú pé ó kú, ẹ mú nọ́ńbà ṣáásíìsì ọkọ̀ yín dání lọ sí Ládípọ̀ tàbí ibi yòówù tí ẹ ti ń ra páàtì. Tòkunbọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tiwa, pọ́ǹpù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ra ní tòkunbọ̀. Ẹ ò mọ bí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ṣe fi iná pupa rìn tó. Ẹ ra àsẹ́ rẹ̀ tuntun mọ́ ọn, àti rọ́bà róbótó tó máa ń di ojú táǹkì. Rọ́bà yẹn ni àwọn mẹkáníìkì fẹ́ràn láti tún lò. Ẹ má gbà.

Ó wá ku ilé. Kí ọkọ̀ dúró ní gbangba, kì í ṣe inú gàráàjì, kí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣí sílẹ̀. Epo pẹtiróòlù fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń gbiná, oru rẹ̀ ni. Oru náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kì í lọ sókè. Ilẹ̀ ló ń fà lọ, ó sì lè rìn dé ibi àdògán tí ẹ ń dáná sí ní igun àgbàlá. Nítorí náà, kò sí oúnjẹ lórí iná lọ́jọ́ náà, kò sí sìgá, jẹnẹrétọ̀ tiyín àti ti aládùúgbò gbọ́dọ̀ kú. Kí wọ́n má fi gílóòbù iná NEPA tan ibẹ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni, kí wọ́n sì ti tàn án láti òkèèrè. Ẹ gbé agolo ìpaná tí òfin ní kó wà nínú ọkọ̀ sí ìtòsí, àti garawa iyanrìn gbígbẹ kan. Omi kọ́ o; omi á kàn gbé epo tó ń jó káàkiri ni. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà.

Epo inú táǹkì kò gbọdọ̀ ju ìdajì lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ fà á sínú kẹ́ẹ̀gì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu fa epo. A mọ̀ pé àṣà ni, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun wọ ẹ̀dọ̀fóró lè pa èèyàn. Bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má jẹ́ kó bì í. Bíbì yẹn ló tún ń gbé epo lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìjókòó ẹ̀yìn Toyota, etí rẹ̀ iwájú ni wọ́n ń dì mú, wọ́n á fà á sókè gìrì níbi méjì, á sì jáde. Ti Honda ní bóòtù. Lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí ìdérí kan tó tó àwo ọbẹ̀. Ti Toyota máa ń lẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ohun dúdú kan tó dà bí ọ̀dà. Kí wọ́n fi sùúrù ṣí i yíká. Wáyà pọ́ǹpù rèé lábẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n yọ wáyà yẹn, kí wọ́n wá gbìyànjú láti sítáàtì ọkọ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi kú, kí agbára epo tó wà nínú páìpù lè rọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni kí wọ́n tó tú orí bátìrì ti dúdú.

Ẹ dúró tì wọ́n níbi gbígbá eruku, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń kánjú. Eruku ọdún mẹ́wàá ló wà lórí táǹkì yẹn, gbogbo rẹ̀ á sì já sínú epo bí wọ́n bá ṣí i bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà tútù nù ún mọ́. Kí wọ́n fi àkísà bo orí páìpù kí wọ́n tó yọ ọ́, torí epo díẹ̀ á ta jáde. Ike ló di páìpù náà mú, ó sì rọrùn láti ṣẹ́. Bó bá jẹ́ òrùka ike ńlá ló di pọ́ǹpù mọ́ táǹkì, igi ni kí wọ́n fi máa gbá a yí, kì í ṣe irin. Kí ẹni tó ń ṣe é fọwọ́ kan ara irin ọkọ̀ kó tó ṣí i, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí aṣọ ń ta iná lára.

Pọ́ǹpù àti ilé rẹ̀ á jáde pọ̀. Ó ní apá gígùn kan tó ń léfòó lórí epo; òun ló ń sọ fún géèjì iwájú pé epo kù tàbí kò kù. Kí wọ́n dá a sí ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó fà á jáde. Bí apá yẹn bá ká, géèjì á máa parọ́ fún yín, ẹ ó sì tún padà sí ọ̀rọ̀ iná pupa.

Kí wọ́n fi aṣọ òwú tó mọ́ bo ihò náà, kí wọ́n wá pààrọ̀ mọ́tò àti àsẹ́. Wáyà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ojú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá lọ́ ọ pọ̀ tí wọ́n fi tẹ́ẹ̀pù dì í, epo á tú tẹ́ẹ̀pù náà láìpẹ́. Kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sínú táǹkì náà wò. Bí wọ́n bá rí omi, ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ nísàlẹ̀, ó tọ́ kí wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀ fọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má bá wọn jà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i, kí wọ́n dá pọ́ǹpù padà síbi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì máa mú bóòtù rẹ̀ le ní ọ̀tún àti òsì, díẹ̀díẹ̀.

Kí wọ́n má tíì dá ìjókòó padà. Kí wọ́n so páìpù, wáyà àti bátìrì, kí wọ́n ṣí kọ́kọ́rọ́ pa á bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n sítáàtì rẹ̀, kí ó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi imú yín ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ ra epo kún un ní kíkún lẹ́ẹ̀kan yìí, ẹ dé ilé kí ẹ tún wo ojú ibẹ̀, torí rọ́bà tí kò jókòó dáadáa kì í jò títí táǹkì yóò fi kún. Bó bá gbẹ, kí wọ́n lẹ ìdérí, kí wọ́n dá ìjókòó padà.

Epo tí wọ́n fà sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ dà á padà sínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Bó bá gbọ́dọ̀ sun ilé, ẹ kọ PẸTIRÓÒLÙ sí i lára gàdàgbà, kí ẹ má sì gbé e sí ìtòsí kẹrosíìnì, torí ọmọ tí a rán pé kó lọ rọ epo sí sítóòfù kò ní gbóòórùn kó tó rọ ọ́. Kí ẹ sì gba pọ́ǹpù àtijọ́ lọ́wọ́ mẹkáníìkì kó tó kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ.