Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ Kì í Ṣe Oògùn Wèrè



Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí gbogbo wa ti gbọ́ láti kékeré: wọ́n ní bí wèrè bá ti wọ ọjà, kò sí ẹni tí ó lè wò ó sàn mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi ṣe ohun kan tí n kò lè gbàgbé.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Aṣọ ni ó ń tà, kì í sì í jẹ́ kí ìrun kọjá òun. Nígbà tí ó yá, kò sùn mọ́ lóru. Ó ní àwọn kan ń bá òun sọ̀rọ̀ láti inú ògiri. Ẹ̀rù ba gbogbo ẹbí, wọ́n ní kí a tètè dè é mọ́lẹ̀ kí ó tó wọ ọjà. Ni a bá gbé e lọ sí ilé ẹnì kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní àfáà. Ọkùnrin náà ní àlùjọ̀nnú ni ó wà lára rẹ̀, àti pé ẹgba ni yóò lé e jáde. Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tí wọ́n ń kan ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn. Èmi náà ni mo san owó.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, mo padà lọ wò ó. Àfáà ní kí n dúpẹ́, pé ó ti dákẹ́. Lóòótọ́ ni ó dákẹ́, ṣùgbọ́n irin ti jẹ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún ojú ẹgba. Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?”

Ẹ má ṣe rò pé àìmọ̀wé nìkan ni ó ń fa irú èyí. Ní Trenton, ní Amẹ́ríkà, Dókítà Henry Cotton di olórí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní 1907. Ó gbà pé èérí tí ó fara pamọ́ sínú ara ni ó ń da orí ènìyàn rú. Ó ń yọ eyín wọn. Bí ìyẹn kò bá ràn wọ́n, a gé ìfun wọn. Ọ̀pọ̀ ni ó kú. Síbẹ̀ ó dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ kí a yọ eyín àwọn ọmọ tirẹ̀.

Ní 1935, Egas Moniz, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà, bẹ̀rẹ̀ sí lu agbárí àwọn aláìsàn láti ba apá kan nínú ọpọlọ wọn jẹ́. Wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá ní 1949. Ní Amẹ́ríkà, láti 1946, Walter Freeman ń fi òòlù gbá irin ṣóńṣó gba òkè ẹyinjú wọ inú ọpọlọ. Ṣáájú ìyẹn, ní 1941, òun àti James Watts ti ṣe iṣẹ́ abẹ ọpọlọ fún Rosemary Kennedy, ọmọ ọdún 23, àbúrò John Kennedy tí ó wá di Ààrẹ. Kò lè dá gbé ilé ara rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 2005. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ṣe é fún kò pariwo mọ́, àwọn dókítà sì ka ìdákẹ́ yẹn sí ìwòsàn, bí àfáà wa ti kà á.

Ó yẹ kí ojú ti àwa Mùsùlùmí jù wọ́n lọ. Ní 1284, Sultan Qalawun kọ́ ilé ìwòsàn ńlá kan sí Káírò, ní ilẹ̀ Íjíbítì, àyè sì wà nínú rẹ̀ fún àwọn tí orí wọn dàrú. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1800, ilé náà ti bàjẹ́, àwọn àlejò tí ó wọ ibẹ̀ sì bá àwọn aláìsàn nínú ẹ̀wọ̀n. Òfin ẹ̀sìn kò yí padà: a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lọ́rùn títí yóò fi sàn. Bí Ọlọ́run kò bá bi í léèrè, ta ni ó wá fún wa ní ẹgba? Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2019, ọlọ́pàá kó ènìyàn 259 jáde níbi tí a há wọn mọ́ ní Ìbàdàn, ní ibi tí wọ́n ń pè ní ilé ìtọ́jú Mùsùlùmí.

Arò, ní Abẹ́òkúta, ni a gbé ọmọ wa lọ. Níbẹ̀ ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1954, tí aláìsàn fi ń gbé láàárín àwọn ará abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, tí ó sì ń lọ gba ìtọ́jú. Láti 1952 ni àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ti ń lo oògùn kan, chlorpromazine, tí ó ń mú irú ohùn bẹ́ẹ̀ rọlẹ̀, àwọn oògùn mìíràn sì ti tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń wò sàn pátápátá, ẹlòmíràn yóò sì máa lò wọ́n fún ọdún púpọ̀. Ọmọ wa ṣì ń lo tirẹ̀.

N kò ní kí ẹ má ṣe àdúà. Ẹ pe àfáà kí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá mú irin tàbí pàṣán, ẹ gbé ènìyàn yín kúrò níbẹ̀. Ẹ̀yin ìmáàmù, ẹ sọ ọ́ lórí mùńbárì lọ́jọ́ Jímọ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹgbẹ́ yín a máa dáwó fún ìgbéyàwó àti fún ìsìnkú. Ẹ dáwó bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún owó ọkọ̀ àti owó oògùn ẹni tí àìsàn yìí bá kọlù.

Ọmọ tí a sá fún ọjà nítorí rẹ̀, inú ọjà ni ó wà lónìí, ó ń ta aṣọ. Bí a bá jọ ń ṣe àlùwàlá, tí ó na ẹsẹ̀ sí omi, mo máa ń rí àpá irin náà. Kò bá mi sọ ọ́ rí.

Kí Ọlọ́run Ọba dárí jì wá, kí Ó sì fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà. Àmín.