Ilẹ̀ Adágún Tó Ń Bọ́ Sórí Òrùlé Wa

Bí ọyẹ́ bá mú, eruku tí à ń nù lára fèrèsé àti mọ́tò kì í ṣe iyanrìn aṣálẹ̀ lásán. Abẹ́ omi ni apá kan nínú rẹ̀ wà rí. Àfonífojì Bodélé ló ti wá, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad, èyí tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ àwọn ibi tí eruku ti ń jáde jù lọ láyé.

Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, òjò ṣì ń rọ̀ dáadáa ní Sàhárà. Adágún Chad ìgbà náà fẹ̀ tó 350,000 kìlómítà níbùú lóròó, ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Bodélé ni ibi tó jìn jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ lónìí yóò rí ohun tó yani lẹ́nu: adágún tó ṣẹ́kù wà ní nǹkan bí 280 mítà sókè ju òkun lọ, Bodélé tó gbẹ kanrangandan kò sì ju nǹkan bí 160 mítà lọ. Kí ló dé tí omi kò lọ síbi tó rẹlẹ̀? Ìdí ni pé láti gúúsù ni odò Chari ti ń gbé omi wá, ìhà gúúsù náà ló sì ń dà á sí. Àfi bí ìhà náà bá kún ju bó ṣe yẹ lọ ni omi fi lè ṣàn gba ojú odò Bahr el Ghazal lọ sí Bodélé. Ojú odò náà ti gbẹ. Ìwádìí kan tó jáde ní 2015 sọ pé ó tó nǹkan bí 1,000 ọdún tí omi Bodélé ti tán.

Ohun tí omi fi sílẹ̀ ni dáyátọ́màìtì. Dáyátọ̀mù jẹ́ ohun abẹ̀mí tíntìntín tó ń gbé inú omi, tí ojú lásán kò lè rí, tó ń fi sílíkà, èròjà tí a fi ń ṣe gíláàsì, kọ́ ìkarahun yí ara rẹ̀ ká. Bó bá kú, ìkarahun náà á rì. Èyí tó rì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún di òkúta funfun tó rọ̀, tó kún fún ihò wẹ́wẹ́, tó sì fúyẹ́ gan-an.

Òkè Tibesti àti òkè Ennedi ló há afẹ́fẹ́ mọ́ àárín ara wọn, tó fi ń tú jáde sórí Bodélé bí èyí tí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ń fẹ́. Ní 2005, ikọ̀ tí Richard Washington ti Yunifásítì Oxford wà lára aṣáájú rẹ̀ pàgọ́ síbẹ̀ láti wọn afẹ́fẹ́ náà. Lóru, òkè lójú ọ̀run ni afẹ́fẹ́ náà ti ń sáré. Bí oòrùn bá yọ tí ilẹ̀ gbóná, á sọ̀ kalẹ̀ wá bá ilẹ̀. Á ṣí òkúta náà ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, àwọn pẹlẹbẹ náà á máa ta kọ́ọ́kọ́ọ́ lórí ilẹ̀, wọ́n á máa lu ara wọn títí wọ́n á fi di ìyẹ̀fun. Àwọn pẹlẹbẹ yìí tún ń wọ́ jọ di òkìtì tó ń rìn. Kò sí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ tó yára jù wọ́n lọ láyé. Níbi tí òkúta tó ṣẹ́kù ti dúró gedegbe, ó ga tó mítà 4. Ẹ fi ìyẹn mọ iye ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ti wà lọ.

Níbòmíràn, ènìyàn ló ń wa dáyátọ́màìtì. Èyí tí wọ́n wà ní Jámánì ni Alfred Nobel pò mọ́ nitroglycerin, òróró tí ìmì kékeré lè mú bú gbàù, tó fi ṣe dáínámáìtì ní 1867. Títí dòní, wọ́n ń fi dáyátọ́màìtì sẹ́ bíà.

Ohun tí àwọn ará agbègbè Adágún Chad ń wà láti ìgbà pípẹ́ ni káún. Omi adágún ń jò gba abẹ́ iyanrìn yọ sí àwọn kòtò ní Kanem, ní ẹ̀gbẹ́ adágún náà, oòrùn á fà á gbẹ, káún á kù nílẹ̀. Nígbà tí Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ará Jámánì, dé Kánò ní 1851, ó ṣírò rẹ̀ pé ẹrù káún tí màlúù, ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń gbé kọjá níbẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Nupe lọ́dún kò dín ní 20,000. Àwa náà kò ṣàìmọ̀ ọ́n: a ń fi se ewédú, àwọn alásáà sì ń lọ̀ ọ́ mọ́ tábà.

Ká padà sórí eruku: ní 2015, àwọn onímọ̀ tó lo sátẹ́láìtì NASA sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 27.7 tọ́ọ̀nù eruku Sàhárà ń bọ́ sórí igbó Ámásónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà lọ́dọọdún, pẹ̀lú 22,000 tọ́ọ̀nù fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ajílẹ̀ tí òjò ń fọ̀ kúrò nínú igbó náà. Bodélé ni gbogbo ayé gbé oríyìn náà fún. Ìtàn náà dùn létí, ó sì tàn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwádìí kan ní 2020 ta kò ó: òjò ń gbá púpọ̀ nínú eruku Bodélé sílẹ̀ lójú ọ̀nà, El Djouf tó wà ní ààlà Màlì àti Mauritania ló sì ń fi púpọ̀ ránṣẹ́. Ṣáájú ìyẹn, ní 2019, àwọn mìíràn ti fi hàn pé èéfín igbó tí à ń sun nílẹ̀ Áfíríkà náà ń gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sọdá òkun, èyí tó sì wà nínú èéfín tètè ń yòrò ju ti inú eruku lọ.