Ṣé Obì Tí À Ń Tà Di Oògùn Fún Eléré Ìdárayá?

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà Ìmínì, Fìdítì àti Ìlọrà, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká jọ sọ, nítorí ó kan igbá tí a gbé kalẹ̀, ó sì tún kan ọmọ tí a bí.

Obì, kọfí àti tíì, káfíìnì kan náà ló wà nínú gbogbo wọn. Òun ni kì í jẹ́ kí awakọ̀ òru sùn. Ìgbà kan wà tí òfin eré ìdárayá kà á mọ́ oògùn màgòmágó. Bí wọ́n bá yẹ ìtọ̀ eléré wò, tí káfíìnì ibẹ̀ ju 12 microgram lọ nínú mílílítà kan, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2004 ni àjọ WADA, tó ń gbógun ti irú oògùn bẹ́ẹ̀ lágbàáyé, yọ ọ́ kúrò nínú ìwé èèwọ̀. Wọ́n ṣì ń ṣọ́ ọ, àmọ́ wọn kì í fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀.

Kí ló wá ń sọ nǹkan di èèwọ̀? Ìbéèrè mẹ́ta ni WADA ń bi. Ṣé ó ń fi kún agbára eléré? Ṣé ó lè ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá? Ṣé ó tako ìwà ọmọlúwàbí inú eré? Bí méjì bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n lè kọ ọ́ sínú ìwé.

Lójú tiwa o, ohun tí gbogbo ayé ń jẹ kò yẹ kó di ẹ̀ṣẹ̀. Bí a bá ní gbogbo ohun tó ń fún ni lágbára ni ká kà léèwọ̀, iyán ńkọ́? Ẹ̀bà ńkọ́? Ta ló ń fi ebi sáré?

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Inú oògùn ni wàhálà wà. Lọ́jọ́ 25 oṣù kẹfà ọdún 1994, Argentina na Super Eagles wa ní 2-1 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n yẹ ìtọ̀ Maradona wò lẹ́yìn eré náà, wọ́n bá ephedrine níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn. Bó ṣe kúrò nínú ìdíje nìyẹn. Ní Delhi lọ́dún 2010, ọmọ wa Osayemi Oludamola gba wúrà eré ìje 100 mítà ti Commonwealth. Wọ́n bá methylhexaneamine lára rẹ̀. Ó ní oògùn eyín dídùn lòun lò, síbẹ̀ wọ́n gba wúrà náà padà. Ìyà lè dínkù fún ẹni tí kò mọ̀ọ́mọ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n bá bá lára ẹni, tẹni ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá alágbo, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ àgbo. Bí ọmọ tó ń sáré tàbí tó ń gbá bọ́ọ̀lù bá wá rà á, ẹ sọ gbogbo ewé àti egbò tó wà níbẹ̀ fún un. Èyí tí ẹ ò bá mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má tà á fún un. Ẹ̀yin òbí, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé eléré lọmọ yín kó tó kọ oògùn fún un, torí ọdọọdún ni wọ́n ń tún ìwé èèwọ̀ náà ṣe.

Ní ti obì, ẹ máa tà á láìfòyà. Ẹni mú obì wá, mú ìyè wá. Ọjà á tà o!