Bí A Ti Í Yẹ Ìwé Alàwòrán Wò Kí A Tó Kà Á Fún Ọmọdé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, kì í ṣe gbogbo ìwé tí ń sọ̀rọ̀ inú rere ni ó ń kọ́ ọmọ ní inú rere. Ọmọ tí kò tíì mọ̀wé, àwòrán ni ó ń kà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú ìwé, kí ẹ sì wo ohun tí àwòrán nìkan ń wí.

Ẹ wo The Rainbow Fish, tí Marcus Pfister ará Switzerland ṣe ní 1992. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, nítorí ìpẹ́ ẹja náà ń dán yanran lórí ìwé. Ẹja kékeré kan tọrọ ìpẹ́ kan, ó fi ìgbéraga lé e. Láti ìgbà náà ni àwọn yòókù ti kẹ̀yìn sí i. Nígbà tí ó pín ìpẹ́ rẹ̀ títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n tó gbà á lọ́rẹ̀ẹ́. Ìgbéraga kò dára, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé ọmọ tí kò ní ohun dáradára kan láti pín yóò rò pé òun kò lè ní ọ̀rẹ́.

A Sick Day for Amos McGee (2010) sàn jù. Philip Stead ni ó kọ ọ́. Àwòrán Erin Stead sì gba ẹ̀bùn Caldecott ní Amẹ́ríkà ní 2011. Amos, olùtọ́jú ẹranko, mọ ohun tí olúkúlùkù ń fẹ́: ó ń jókòó jẹ́ẹ́ ti pẹ́ńgúìn onítìjú, ó sì ń kàwé fún òwìwí tí ń bẹ̀rù òkùnkùn. Kò sí ìwàásù níbẹ̀.

Èyí tí ó le jù ni Each Kindness, tí Jacqueline Woodson kọ, tí E. B. Lewis sì ya àwòrán rẹ̀, ní 2012. Maya, aláṣọ gbígbó, jẹ́ àjèjì ní kíláàsì. Chloe sún àga rẹ̀ kúrò lẹ́bàá rẹ̀. Nígbà tí Chloe ronú pìwà dà, Maya ti lọ, kò sì padà wá mọ́. Àwọn mìíràn lè wí pé èyí wúwo jù fún ọmọdé. Ní tèmi, kì í ṣe ìwé ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún méje ti mọ bí a ti í ta ẹlòmíràn nù.

Bí ẹ bá kà á tán, ẹ má ṣe yára béèrè ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Ẹ padà síbi tí ọ̀gá ilé-ìwé ti fa Maya lọ́wọ́ wọ kíláàsì, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ pé, “Ta ni yóò sún fún un lórí bẹ́ǹṣì?”