Nígbà Tí Ọmọ Bá Ń Pààrọ̀ Ilé-Ìwé

Ìwé ìlàlóye fún òbí àti alágbàtọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó àti gbogbo Erékùṣù Èkó

Oṣù kẹsàn-án ni ọmọ púpọ̀ máa ń wọ ilé-ìwé tuntun. Owó ni òbí kọ́kọ́ ń rò: yúnífọ́ọ̀mù, ìwé, bàtà, báàgì, owó ọkọ̀. Wọn ò jẹ̀bi, kò sí èyí tó rọrùn nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní gbogbo rẹ̀ pé pérépéré náà lè máa sunkún lórí ibùsùn lálẹ́ Sọ́ńdè, torí pé ibi tó ń lọ, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Ẹ wo bí ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe ń dàgbà. Bó bá ṣubú lójú títì ní Ìdúmágbò, ẹni tó ń ta ẹ̀wà àgànyìn ló máa gbé e dìde, á sì pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò jìnnà sílé, Àǹtí tó ń kọ́ ọ sì lè ti kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí. Ó wá dọjọ́ kan, wọ́n ní kó máa lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ ilé bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ tó já lé òbí léjìká nìyẹn: kí ẹ wá ẹni tí yóò mọ̀ ọ́n níbẹ̀.

Láti Primary 6 sí JSS 1

Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 sọ pé dandan ni kí gbogbo ọmọ lo ọdún 9 nílé-ìwé, 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní ìpele kékeré gírámà. Nínú òfin, ọ̀nà kan náà ni ọdún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Lójú ọmọ, ibi tí ọ̀nà náà ti yà ló ń dẹ́rù bà á. Ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tíṣà kan ló ń kọ́ ọ ní ohun gbogbo, ó sì mọ ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò dá. Ní JSS 1, bí tíṣà ìṣirò ṣe ń jáde ni ti Gẹ̀ẹ́sì ń wọlé. Ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n gbogbo ilé-ìwé lóṣù keje, tó ń lu aago, tó ń to àwọn àbúrò sórí ìlà láàárọ̀, ti di ẹni tó kéré jù. Àwọn àgbà kíláàsì lè máa rán an níṣẹ́, wọ́n sì lè máa gba owó oúnjẹ rẹ̀.

Kí ilé-ìwé tó wọlé, ẹ mú un rin ọ̀nà náà. Ẹ lọ ní àárọ̀, ní àsìkò gan-an tí yóò máa jáde, torí Ìdúmọ̀tà aago mẹ́fà ààbọ̀ kì í ṣe Ìdúmọ̀tà aago mẹ́wàá tí ọjà ti gba ojú títì. Bó bá máa wọkọ̀ ní Ọbáléndé, ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń lọ, kó sanwó, kó gba ṣéńjì, kí ẹ̀yin dúró láì sọ̀rọ̀. Ẹ fi ibi tó lè yà sí hàn án, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀bù mọ̀lẹ́bí, ì báà ṣe mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Kó mọ nọ́ńbà fóònù yín lórí. Wọ́n lè jí fóònù, wọn ò lè jí èyí tó wà lórí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ẹnì kan nínú ilé-ìwé náà tí yóò mọ orúkọ rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní tó parí. Ó lè jẹ́ tíṣà tó ń mójú tó kíláàsì rẹ̀. Bí ilé-ìwé bá ní olùdámọ̀ràn, ẹ tètè lọ kí i. Òbí kì í sábà rántí ẹni yìí àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ lé ọmọ. Bí ọmọ àdúgbò kan bá ti wà níbẹ̀, kí wọ́n jọ máa lọ, kí wọ́n jọ máa bọ̀.

Inú àwọn kan lè má dùn sí èyí tó kàn: ẹ má jẹ́ kí ọmọ fo Primary 6 torí pé ó mọ̀wé. Ọmọ lè mọ ìṣirò JSS 1 kó má tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó fẹ́ fìyà jẹ ẹ́ lóhùn. Ọdún kan yẹn kì í ṣòfò.

Ti èdè náà ń kọ́? Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2018 sọ Yorùbá di ẹ̀kọ́ dandan ní ilé-ìwé ìjọba àti ti àdáni. Bí wọ́n bá ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ yín torí pé ó sọ Yorùbá, ẹ fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ ọ́. Ọmọ tó ń bẹ̀rù àtilanu kì í béèrè ohun tí kò yé e.

Àwọn ọmọbìnrin kan máa ń bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù ní àsìkò yìí gan-an. Kí ìyá tàbí àǹtí rẹ̀ ti ṣàlàyé kó tó bá a lójijì ní kíláàsì, kí páàdì sì wà nínú báàgì rẹ̀. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbà á.

Ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi

Bí ẹ bá mú un dé ilé-ìwé, ẹ má yọ́ lọ. Ẹ dágbére fún un, kí ẹ sọ àsìkò tó yé e, bíi "Tí o bá jẹun ọ̀sán tán, Ìyá Àgbà á wá mú ẹ", kí Ìyá Àgbà sì wá lóòótọ́. Ẹkún ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní kì í ṣe àìsàn.

Bí ẹ bá kó kúrò nílé lójijì

Ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta, ọdún 2019, ilé alájà tí ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, ẹ̀mí àwọn ọmọdé sì bá a lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ìjọba wó àwọn ilé mìíràn tí wọ́n ti fàmì sí lára ní Erékùṣù. Ọmọ tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣojú rẹ̀, tàbí tó kàn ń gbọ́ ìtàn rẹ̀, lè kọ̀ láti gun àtẹ̀gùn ilé-ìwé tuntun. Ẹ má pè é ní olórí kunkun. "Ọlọ́run ò ní jẹ́" dára, ṣùgbọ́n ẹ má fi pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ gbọ́ ìbéèrè rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún tíṣà rẹ̀ kó jẹ́ kó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn ná.

Àwọn òbí tó bá kó kúrò lọ sí Ìkòròdú tàbí Ajá máa ń fẹ́ kí ọmọ ṣì máa wá sílé-ìwé ní Erékùṣù. Bó bá ku sáà kan kó parí Primary 6, ó ṣeé fara dà. Bó bá ku ọdún mẹ́ta, ẹ fi í sílé-ìwé tó sún mọ́lé. Oorun wákàtí 9 sí 12 ni ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò lóru. Ẹni tó ń jí ní aago mẹ́rin yóò sùn sórí ìwé.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ gbé ọmọ wá sí ilé ìwòsàn

Kí inú máa run ọmọ ní àárọ̀ Mọ́ńdè, kó má run ún ní Sátidé, kó tún máa tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti jáwọ́, kó má fẹ́ jẹun: bí wọ́n bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gbé e wá sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Níbẹ̀, àwa òṣìṣẹ́ ìlera yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ni, a ó sì wo ojú àti etí rẹ̀, torí ọmọ tí wọ́n fi sẹ́yìn kíláàsì ńlá lè má rí pátákó. Bó bá ní ojú egbò lára tí kò lè ṣàlàyé, tàbí tó ń sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má dúró dọ̀la.

Bí a bá ní kí ẹ lọ rí àwọn oníṣègùn ọmọdé ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ Yábà já yín láyà. Ọmọ tí kò rí oorun sùn ń lọ síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ dání. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde tàbí ikọ́ fée, ẹ mú orúkọ oògùn rẹ̀ wá, a ó bá yín kọ lẹ́tà fún ilé-ìwé tuntun náà.