Kọ́bọ̀ oníhò
Idẹ, 1952. Owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì

Irú owó yìí ni wọ́n ń ná lọ́jà Òsi àti Ìlọ́fà nígbà tí agbègbè yìí ṣì wà lábẹ́ Ẹkùn Àríwá. Orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Kẹfà, ló yí ihò rẹ̀ ká.

Láti 1912, àjọ kan tó fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù ló ń pèsè owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Lọ́ńdọ̀nù náà ni wọ́n ti ń fi owó ìpamọ́ tó ti owó yìí lẹ́yìn dókòwò, nígbà tí àgbẹ̀ ilé ń wá ẹni tí yóò yá òun lówó.

Ní 1952 yìí gan-an, K. O. Mbadiwe gbé àbá kalẹ̀ nílé aṣòfin l'Ékòó pé kí Nàìjíríà dá báǹkì àpapọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe J. L. Fisher láti Báǹkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní kò tíì yá: òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ náà kò tó. Òótọ́ ni, àmọ́ ta ni ì bá ti kọ́ wọn? Ní tirẹ̀, ikọ̀ Báǹkì Àgbáyé gbà pé ó yá.

 

Òfin báǹkì àpapọ̀ náà jáde ní 1958; báǹkì ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje, 1959. Gẹ̀ẹ́sì, Roy Fenton, ni gómìnà rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọdún 1963 ni ọmọ Nàìjíríà, Aliyu Mai-Bornu, tó gba ipò náà.