Ariwo Ẹ́ńjìnnì Mọ́tò Tí Ó Ti Pẹ́ Ní Ìdúró: Èyí Tí A Lè Fara Mọ́ Àti Èyí Tí A Kò Gbọdọ̀ Gbà



Ní ilẹ̀ Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti apá àríwá Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn wà tí wọ́n máa ń gbé mọ́tò wọn pamọ́ nígbà òtútù, nítorí yìnyín àti nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì, tí ó máa ń jẹ irin. Bí ooru bá padà dé, tí wọ́n ní kí wọ́n tan án, ariwo tí ẹ́ńjìnnì á kọ́kọ́ pa á mú kí àyà onímọ́tò já. Àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún mọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí a wà nílé ò ní òtútù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì tí a gbé jókòó fún oṣù mẹ́ta mẹ́rin, tàbí tòkunbọ̀ tó pẹ́ kí ó tó kúrò ní èbúté, ohun tó jọ ọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ẹ́ńjìnnì tí a fi owó ẹ̀yáwó rà lè bàjẹ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀ bí a kò bá mọ ariwo kan yàtọ̀ sí èkejì.

Kí ló ń fa ariwo náà? Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, páǹpù kan ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ lọ fún gbogbo irin tó ń ra ara wọn. Bí mọ́tò bá dúró pẹ́, ọ́ìlì á ṣàn padà sí ìsàlẹ̀, díẹ̀ ló máa kù lára irin lókè. Òtútù á tún mú un ki. Ẹ wo epo pupa inú ìgò nígbà ọyẹ́, bí ó ṣe máa ń dì tí kì í fẹ́ dà. Ọ́ìlì mọ́tò náà máa ń ki bẹ́ẹ̀ nínú òtútù, á sì pẹ́ kó tó débi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ 5W-30 tàbí 20W-50 sára agolo. W yẹn dúró fún ìgbà òtútù lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ bá ṣe kéré tó, bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì náà ṣe ń tètè ṣàn nínú òtútù. Èyí tí ìwé mọ́tò yín bá sọ ni kí ẹ rà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá gbọ́ àwọn ariwo náà.

Tíkí-tíkí-tíkí láti òkè ẹ́ńjìnnì: tápẹ́ẹ̀tì ni, ọ́ìlì ni ó ń dúró dè. Bí ó bá dákẹ́ láàrin ìṣẹ́jú kan, ẹ má ṣèyọnu. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán tí kò dákẹ́, ẹ pa á, kí ẹ wo géèjì ọ́ìlì.

Wọ̀rọ̀-wọ̀rọ̀ bí ìgbà tí a ń mi ṣéènì, fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì: ṣéènì táímìn ni. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láràárọ̀, ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Ṣéènì tó bá fò lè mú kí fáàfù àti písítìnì kọ lu ara wọn, owó ńlá sì nìyẹn.

Wíín-wíín: fáànù bẹ́líìtì ló ń yọ̀, nítorí ìrì tàbí ìpẹtà. Bí kò bá lọ, ó ti dẹ̀ tàbí ó ti ń sán.

Kẹ́-kẹ́-kẹ́, tí ẹ́ńjìnnì kò sì yí: kì í sábà jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò, ó ṣeé ṣe kó ti kú.

Gbì-gbì-gbì láti ìsàlẹ̀, tó ń le sí i bí a bá tẹ tọ́tù: ẹ pa á lójú ẹsẹ̀! Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bèárìn ló ti ń jẹ. Ẹ má wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á lọ. Bí ẹ bá wà á, ẹ́ńjìnnì á nọ́ọ̀kì pátápátá.

Ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́lì kò gbọdọ̀ gbàgbé pé tirẹ̀ máa ń dún kíkan kíkan bí ó bá tutù. Bí ó ṣe wà nìyẹn.

Kí ẹ tó tan án, ẹ gbé e síta gbangba. Èéfín ẹ́sọ́ọ̀sì ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò ní òórùn, tó sì ń pa ènìyàn nínú yàrá tí a tì pa. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò bóyá eku ti jẹ wáyà. Ẹ wo ọ́ìlì, omi, bátìrì àti táyà. Bí ó bá ti tan, ẹ má tẹ tọ́tù. Ojú iná pupa ti ọ́ìlì ni kí ẹ máa wò. Bí kò bá kú láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Bí ó bá kú, ẹ rọra wà á lọ títí yóò fi gbóná dáadáa.

Àwọn kan máa ń tan mọ́tò tó wà ní ìdúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n rò pé oore ni. Bí epo bá ń jó, omi ń jáde lára rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún kò sì tó láti gbẹ ẹ́. Inú ọ́ìlì àti ẹ́sọ́ọ̀sì ló máa ń kù sí. Ó sàn kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì kí ẹ tó gbé e pamọ́, kí ẹ tú orí bátìrì, kí ẹ sì fẹ́ táyà dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná máa ń fi àìsàn rẹ̀ pamọ́, àwọn kan sì máa ń tan mọ́tò sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Ẹ rọra gbé ọwọ́ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tan án. Bí ó bá gbóná, ẹ ní ẹ máa padà wá láàárọ̀ ọ̀la, kí wọ́n má tan án kí ẹ tó dé. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ kó owó yín padà sápò.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ajé ó bù wá jẹ o.